Apá Kejì Tí Ìyá Àgbà Ń Retí

Ọdún tí wọ́n sọ ilé wa di abúlé, mo ti tó ẹni tí ń fa omi kànga láìsí pé àgbà dúró tì í. Nínú fíìmù ni wọ́n ti sọ ọ́ di abúlé o; bí ẹ bá bi àwọn ará ìlú òkè, Èkó ni bàbá mi ń gbé, Èkó tí gbogbo ayé mọ̀. Ìgándò la wà. Ẹni tó bá ti àárín Èkó wá kí wa nígbà náà á bọ́ bàtà rẹ̀ dání kó tó lè la ẹrẹ̀ ẹnu ọ̀nà kọjá, tó bá sì jókòó tán, á rọra bi wá bóyá a tiẹ̀ máa ń rí iná. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ọ̀pẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí balùwẹ̀ wa parí sí. Ìyá Onílé ló ni ín, arúgbó Àwórì kan tí wọ́n bí síbẹ̀, tí kò sì fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ibẹ̀ ní oko. Ohùn ládàánì ló kọ́kọ́ máa ń wọ etí mi láàárọ̀, lẹ́yìn náà ikọ́ Ìyá Onílé, tó fi ń mọ ẹni tó ti jí àti ẹni tó ṣì ń sùn, lẹ́yìn náà omi ògì tí ń kán sínú ìkòkò láti inú aṣọ asẹ́ Màámi. Ògì ni Màámi ń tà. Tó bá di ọ̀sán, òórùn ògì kíkan á lọ, òórùn igi á dé, nítorí bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, á ti máa fá pákó lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbá èérún pákó náà jọ kí Màámi lè fi dáná. Títí dòní, tí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ pákó, ebi á kàn ṣàdédé pa mí.

Abúlé kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà tí mo ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń gbọ́ orúkọ ìlú tí kò dé rí. Ó ti rí mi lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn Màámi. Èmi ò rántí rẹ̀. Láti ìgbà náà bàbá mi kò lọ sílé mọ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́ lọ. Iléyá ni àwọn ènìyàn wa fi ń lọ kí ìyá tó bí wọn, ẹni tó bá sì ti Èkó dé fún Iléyá, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbé aṣọ wá fún ìyá, kó gbé búrẹ́dì wá fún ilé, kí ará àdúgbò sì rí ẹran jẹ. Ọdọọdún ni bàbá mi máa ń kan nǹkan tó fẹ́ gbé lọ fún ìyá rẹ̀. Ó kan àga lọ́dún kan, ó kan àpótí aṣọ lọ́dún mìíràn. Kí Iléyá tó dé, ẹnìkan á ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì ti jẹ ẹ́ tán. Á ní, "Ó di àmọ́dún." Màámi á ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé o, Bàbá Sìkírá." Òun náà á fi òwe tirẹ̀ dá a lóhùn pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bí wọ́n ṣe máa ń ju òwe síra wọn nìyẹn, tí a ó sì jẹ ẹ̀bà wa. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà fi ń dé ọ̀dọ̀ wa ni Bọ̀ọ̀dá Gàní, ọmọ abúlé wọn tó ń kó iṣu wá sí ọjà Ìkọ̀tún. Ọmọlúàbí ènìyàn ni Bọ̀ọ̀dá Gàní. Tó bá dé, á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, á gbé iṣu tiwa sílẹ̀, á mu omi, á kí wa kú ilé, á kí wa kú iṣẹ́, á pẹ́ gan-an kó tó kan ohun tí wọ́n rán an. Iṣẹ́ náà kì í sì í yí padà: "Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ní ìgbà wo?"

Tẹlifíṣọ̀n kan wà ní pálọ̀ Ìyá Onílé, tí ọmọ rẹ̀ rà fún un pẹ̀lú ẹ̀rọ fídíò. Tí iná bá wà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, gbogbo agboolé á kó síbẹ̀ lọ wo fíìmù Yorùbá tí a yá láti Ìkọ̀tún. Ilẹ̀ là ń jókòó sí. Ìyá Onílé nìkan ló ń jókòó sórí àga. Àwọn fíìmù ìgbà yẹn, ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á gbé báàgì, ìyá rẹ̀ á gbé ọwọ́ lé e lórí, á sìn ín dé etí títì, ọkọ̀ á gbé e, ilé gíga á yọ, orin á yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó Èkó á lé ìyá ọkọ padà lẹ́nu géètì, tàbí kí ọmọ gbàgbé ilé títí ayé rẹ̀ fi dàrú. Màámi máa ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ tètè sun tòun tán kí òun lè ráyè wòran. Bàbá mi kì í wọlé. Ojú fèrèsé ló máa ń dúró sí, tòun ti òòlù lọ́wọ́, bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti wo fíìmù tó pọ̀, mo sì ti ro ọ̀rọ̀ náà títí. Oríṣi ènìyàn méjì péré ni wọ́n máa ń jẹ́ kó padà sí abúlé: ẹni tó gbé mọ́tò bọ̀ àti ẹni tí ayé ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí kò lọ rárá, tí kò lówó, tí kò ya wèrè, tó kàn wà ní Ìgándò tó ń fá pákó nítorí pé ojú ń tì í, kò sẹ́ni tó ya fíìmù tirẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ yà níbẹ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan, tí àwa ọmọdé wá ń pè ní Ọ̀gá Fíìmù, wọ agboolé wa, tòun tàwọn ènìyàn rẹ̀ àti kámẹ́rà wọn. Ó yí ilé náà ká, ó fọwọ́ kan ibi tí ògiri ti bó, inú rẹ̀ ń dùn. Ó sọ fún Ìyá Onílé pé, "Màmá, a ò ní láti dé ìlú òkè mọ́ jàre. Abúlé pọ́ńbélé rèé." Ìyá Onílé ní, "Ta ló ń gbé abúlé? Ìwọ yìí, ta ló tọ́ ọ dàgbà?" Ó kù díẹ̀ kó lé wọn jáde. Àfìgbà tí wọ́n sọ fún un pé òun gan-an ni àwọn fẹ́ kó ṣe ìyá nínú fíìmù náà, pé kò ní ṣe ju kó jókòó lọ, ni inú rẹ̀ wá rọ̀. Ó sáré lọ pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n ní kó lọ bọ́ ọ, èyí tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló dáa. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo mítà iná. Wọ́n yọ pátákó tí bàbá mi kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fa omi, nítorí ariwo kànga. Ní ti àwa ọmọ ilé, wọ́n ní ká bọ́ bàtà ká máa sáré kiri, kí abúlé lè pé. Inú mi dùn dé ìdí. N kò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀rọ̀ ẹkún ni: bàbá mi fi abúlé sílẹ̀ wá sí Èkó, Èkó tó wá náà ni wọ́n ń yà ní abúlé.

Ẹni tó yẹ kó ṣe ọmọ tó ti Èkó dé kò yọjú. Wọ́n dúró dè é títí oòrùn fi yí. Ọ̀gá Fíìmù wò yíká, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára bàbá mi lábẹ́ àtíbàbà, ọkùnrin gíga tó lẹ́wà, tí èérún pákó kún irun rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sìkírá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé aṣọ yìí wọ̀ ká wò ó." Àgbádá funfun ńlá kan ni, aṣọ yíyá. Ó tóbi jù, ọrùn rẹ̀ ṣí gbàyàù, wọ́n wá fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ ká a mú lẹ́yìn. Bàbá mi ti fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, èékánná rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n tú àkísà tó fi dì í, wọ́n jù ú nù. Wọ́n fi í sí ẹ̀yìn mọ́tò tí wọ́n yá, ẹlòmíràn ń wà á. Kò ní ṣe ju pé kó sọ̀kalẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Onílé, kó ní, "Ìyá, mo dé. Ẹ má bínú pé ó pẹ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìkéde nínú rédíò. Ọ̀gá Fíìmù ní, "Ẹ tún un ṣe." Ó tún un ṣe. "Ẹ tún un ṣe, Bàbá. Ẹ kàn rò pé ìyá yín gan-an nìyẹn." Bàbá mi padà sínú mọ́tò, ó sì tún sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó tún dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ní, "Ìyá, mo dé. Ẹ má bínú pé ó pẹ́." Kò dìde. Ìyá Onílé gbàgbé pé fíìmù ni wọ́n ń yà, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Dìde, ọmọ mi, ó ti tó." Màámi dúró lẹ́bàá kànga, ó fi etí ìró bo ẹnu. Èmi rò pé bàbá mi mọ eré ṣe ni, mo sì ń yangàn rẹ̀ kiri àdúgbò.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, a wò ó ní pálọ̀ Ìyá Onílé, bàbá mi sì wà lójú fèrèsé rẹ̀. Ibi tí Ìyá Onílé ti gbé ọwọ́ lé e lórí ni wọ́n dá a dúró sí. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká máa retí apá kejì. Gbogbo ilé pòṣé. Ìyá Onílé ní olè ni gbogbo wọn, pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn rí ìdí ọ̀rọ̀ tán lórí owó kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá Gàní dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lè dúró kí gbogbo kíkí parí. Ó ní ọkùnrin kan wà tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti fídíò kiri àwọn abúlé àwọn, ó sì ti gbé fíìmù bàbá mi dé ọ̀dọ̀ wọn. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, gbogbo abúlé pariwo orúkọ yín." Bàbá mi béèrè pé, "Ìyá mi ńkọ́?" Ó ní, "Màmá wà níwájú pátápátá lórí ẹní. Nígbà tí ẹ dọ̀bálẹ̀, wọ́n dá yín lóhùn. Wọ́n ní, 'Káàbọ̀, Àkànní.' Wọ́n ní kí wọ́n dá a padà kí àwọn tún un wò. Wọ́n ń dá a padà fún wọn ṣáá ni, títí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Gàní wo Màámi, ó wò mí, ó wá wo ilẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti rí yín. Wọ́n ní àwọn ń retí apá kejì." Bàbá mi tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí Bọ̀ọ̀dá Gàní lọ tán, ó gbé ìfági, ó gbé e lé orí pákó, kò sì fá nǹkan kan.

Màámi ní kí a lọ fún Iléyá tó ń bọ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ, Bàbá Sìkírá. Ó tó gẹ́ẹ́." Bàbá mi ní, "Ká fi kí ni lọ?" Màámi ní, "Ká fi ara wa lọ." Bàbá mi ní, "Inú mọ́tò ni gbogbo abúlé ti rí mi. Ṣé kí n wá bọ́ sílẹ̀ lórí ọkọ̀ iṣu Gàní, pẹ̀lú ṣòkòtò tí mo fi ń rẹ́ igi? Ìyá mi ni wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́." Màámi ní, "Wọ́n ṣáà mọ̀ pé eré ni." Ó ní, "Wọ́n mọ̀. Wọ́n á ní ẹni tí wọ́n bá gbé irú aṣọ yẹn wọ̀ fún l'Ékòó, nǹkan rẹ̀ ti dáa nìyẹn." Ìjà wọn lórí èyí kò ní òwe nínú, n kò sì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo ti ń bínú sí fíìmù yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kó tó dé, ìtìjú bàbá mi kò ju pé kò ní nǹkan tó máa gbé lọ. Nígbà tó dé, ọkùnrin kan wà níwájú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ lé bá, ọkùnrin náà sì wọ àgbádá, ó jókòó sẹ́yìn mọ́tò, ojú kan náà ni wọ́n sì ní.

Ó mú mi dání lọ sí Akówọnjọ lọ wá Ọ̀gá Fíìmù. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n máa ya apá kejì. Lójú ọ̀nà ló sọ fún mi, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé bí wọ́n bá lè yá òun ní àgbádá yẹn àti mọ́tò fún ọjọ́ kan péré, òun á ti lọ òun á ti bọ̀. Yàrá tí wọ́n júwe fún wa, obìnrin kan ló ń di irun fún àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ó ní, "Àwọn onífíìmù àbí? Wọ́n ti kó lọ o. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò ká apá kejì." Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ra gúgúrú fún mi, kò bá mi jẹ níbẹ̀. Iléyá dé. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn tó wà nínú agboolé wa di ẹrù wọn, wọ́n lọ, ilé wá dákẹ́ tó fi jẹ́ pé à ń gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń tan ilẹ̀. Ìyá Onílé bu ẹran fún wa. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó pe bàbá mi, ó ní, "Ìwọ tó o dọ̀bálẹ̀ kí mi ní ìyá, ìyá tìrẹ dà?" Bàbá mi ní, "Ó di àmọ́dún, Màmá." Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, bàbá mi wo ilé títí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ohun tí kò ní.

Kò di àmọ́dún. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Gàní wọlé láìgbé iṣu dání. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò sì dìde. Màámi ló kọ́kọ́ ké. Wọ́n ti sin Ìyá Àgbà ní ọjọ́ tó kú, bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Bàbá mi kò wá àgbádá kankan. A gun ọkọ̀ iṣu tó ń padà lófìfo ní ọ̀sán yẹn kan náà, ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀, èérún pákó wà lára ṣòkòtò náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí abúlé tí mo lè rántí. Mo ti rò pé á jọ ti inú fíìmù. Ilé wa ní Ìgándò ló jọ, àyàfi pé kò sí mítà tí a máa fi imọ̀ bò. Kò sì sẹ́ni tó wo ọwọ́ wa. A kò gbé nǹkan kan, kò sẹ́ni tó kíyè sí i.

Àbúrò Ìyá Àgbà, tí wọ́n jọ ń gbé, ló fa bàbá mi jókòó. Ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó yí i wò, ó fi ìka tẹ àtàǹpàkò rẹ̀, níbi tí èékánná ti hù padà tó sì hù wọ́. Ó ní, "Òun nìyí. Àtàǹpàkò tó ń fi hàn wá nìyí." Ó wá sọ ọ́ fún wa pé nígbà tí gbogbo abúlé ń pariwo mọ́tò, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀. "Ó ní, 'Ẹ wo ọrùn rẹ̀ nínú aṣọ yẹn. Aṣọ aláṣọ ni. Ẹ wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ọmọ mi ṣì ń kan ìṣó, kò sì yó.' Nítorí ìyẹn ló ṣe ń ní kí wọ́n dá a padà. Ó rán Gàní sí ọ pé kó o máa bọ̀ bẹ́ẹ̀, kó o má wá nǹkan kan. Ó ní òun ní ẹ̀gẹ́, òun ní èlùbọ́, òun á bọ́ ọ títí ara rẹ á fi padà. Ìta yìí ló ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Tí a bá ní kó wọlé, á ní òun ń retí apá kejì." Bàbá mi gbé ojú sókè, ó wo Bọ̀ọ̀dá Gàní. Bọ̀ọ̀dá Gàní ti ń sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níwájú ìyàwó àtọmọ yín, kí n ní ìyá yín ní ebi ń pa yín? Mo ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí." Kò parí òwe náà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n tán: tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Inú bàbá mi ló dé, ààbọ̀ náà ló sì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n jíṣẹ́ náà títí di ọjọ́ tí Ìyá Àgbà fi kú. Mo ti gbìyànjú láti kórìíra Bọ̀ọ̀dá Gàní nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, n kò rí i ṣe. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé náà ló ṣe é.

Ẹ̀yìn ilé ni sàréè náà wà, òjò ti rin ín. Bàbá mi bọ́ bàtà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà, àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ní, "Ìyá, mo dé. Ẹ má bínú pé ó pẹ́." Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì gbọn ẹrẹ̀ kúrò láyà. Kò sẹ́ni tó ní kó tún un ṣe.